Bí Mo Ṣe Fi Ayaba Lé Ọba Wọ Inú Ọ̀mì

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ tó bá mi sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀ lórí àga fi ojú mi gbolẹ̀ nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Mo ní irùngbọ̀n. Mo ti fún ẹlòmíràn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò gùn. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n ní àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, ọ̀ta ni wọ́n ń pè mí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọnàkọ̀yà, tó dàgbà ní Ìkòròdú tó sì kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, jókòó sí Times Square ní New York, ó sì ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60. Gbogbo àdúgbò wa ló gbé ṣẹ́ẹ̀sì sórí fóònù. Mo nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù náà, orí mi wú, mo fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ọlọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti ń ta ayò oníhò méjìlá láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fẹ́ fi í ṣe?

Mo fi oṣù kan gbáko múra. Irọ́ kọ́, mo múra. Sicilian ni mo kọ́, ìyẹn ọ̀nà tí ẹni tó ń ta dúdú ń gbà dáhùn nígbà tí funfun bá kọ́kọ́ ti ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì. Mo kọ́ ọ sórí dé ìta kẹrìnlá. Mo ń kà á nínú bálùwẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé WAEC lẹ tún fẹ́ ṣe ni?" Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo rí fídíò ìṣẹ́jú mọ́kànlá kan tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi ayaba pa ọba tó bá ṣẹ́ kù lóun nìkan. Mo wo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, oorun ń kùn mí, mo pa á. Mo ní ohun tó kù kò lè ju ìdúpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ pé ká bá wọn tẹ agogo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì yẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n ní ká dé ní aago mẹ́jọ, kí eré àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́sàn-án. A kò bẹ̀rẹ̀ títí aago fi kọjá méjìlá. Mi ò fi èyí ṣàwàdà rárá. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jí ní ìdájí jókòó sórí àga oníke fún wákàtí mẹ́rin, ebi ń pa wọ́n, ooru ń mú wọn, kò sì sẹ́ni tó wí fún wọn pé "ẹ pẹ̀lẹ́". Eré tó jẹ́ pé aago ni wọ́n fi ń ta á, àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò mọ ohun tí aago ń sọ. Èmi ní tèmi rékọjá títì, mo lọ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Òkèlè tí mo jẹ lọ́sàn-án yẹn, ó yẹ ẹni tó fẹ́ lọ kọ ebè, kò yẹ ẹni tó fẹ́ lọ ronú. Nígbà tí wọ́n fi pe orúkọ mi, ìpéǹpéjú mi ti ń wá ara wọn.

Tábìlì keje. Mo débẹ̀, mo bá ọmọdébìnrin kan tó dirun méjì, bísíkíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, bàbá ẹ dà?" Ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ bá yín ta, Dádì." Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi dùn gan-an.

Òun ló mú funfun. Mo ti na ọwọ́ sílẹ̀ fún Sicilian mi. Ó gbé bísíkíìtì sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì ti ọmọ-ogun iwájú ayaba. Ayaba, kì í ṣe ọba! Oṣù kan gbáko, ìta mẹ́rìnlá, gbogbo ẹ̀kọ́ inú bálùwẹ̀, ìta kan ṣoṣo ló fi gbá a dànù. Sicilian kò ní nǹkan kan án bá ọmọ-ogun iwájú ayaba ṣe. Mo wo pátákó náà bí ẹni tó wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́ tó bá ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

Mo ta tèmi ṣáá. Mo fẹ̀yìn tì, mo káwọ́ gbera. Ọmọdébìnrin náà kò ta. Mo ń wò ó, ó ń wò mí. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀rù ti bà á, ó ń ronú, kí n má kán an lójú. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Bí a ṣe wà nìyẹn títí ó fi rọra na ìka sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó ní, "Dádì, ẹ ò tíì tẹ aago yín."

Aago ṣẹ́ẹ̀sì kì í ṣe aago ara ògiri. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ta tìrẹ tán, ìwọ fúnra rẹ ni yóò tẹ orí tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ. Tìrẹ á dúró, ti ẹnìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọwọ́ tí o fi gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì lo gbọ́dọ̀ fi tẹ aago, kì í ṣe pé kí ọ̀kan máa ta kí èkejì lúgọ sórí aago. Lórí fóònù, fóònù ló ń bá ẹ tẹ̀ ẹ́, ìwọ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n ń tẹ nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lé e fún ìta kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tèmi, mo ti fi mẹ́fà káàánú ọmọ ọlọ́mọ. Kò sì sí òfin tó ní kó sọ fún mi rárá. Ẹ̀kọ́ ilé ló sọ fún mi.

Ìtìjú mú mi, ni mo bá ṣe ohun tí a máa ń ṣe nídìí ayò tí ojú bá ń tì wá: mo bẹ̀rẹ̀ sí í yánu. Nídìí ayò, ẹnu ni ìdajì ogun. Wàá pe ẹni tí ẹ jọ ń ta ní ọ̀pẹ, wàá dárin sí i, àwọn òǹwòran á gbè é, ara á ta á, á ṣi ọmọ jù. Mo kùn ún sábẹ́ eyín pé, "Ọ̀pẹ ń ta, ọ̀pẹ ò mọ̀." Ìgbà kejì tí mo fi máa sọ ọ́, adájọ́ ti dúró lẹ́yìn mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a kì í sọ̀rọ̀ níbí." Òfin ṣẹ́ẹ̀sì kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni dí ẹnìkejì lọ́wọ́ lọ́nàkọnà. Wọ́n ti gba ìdajì ogun lọ́wọ́ mi.

Mo wá ní kí n gbé ọba mi pamọ́. Wọ́n ní ìta kan tí ọba fi ń sá wọ ilé: á rin ilé méjì lọ sápá ilé-ìṣọ́, ilé-ìṣọ́ á fò ó kọjá, á dúró ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọba ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Èmi mú ilé-ìṣọ́. Kí n tó na ọwọ́ sí ọba, ọmọ náà ti nawọ́ sókè bí ẹni wà ní kíláàsì. Adájọ́ dé. "Ẹ ti fọwọ́ kan ilé-ìṣọ́, ilé-ìṣọ́ lẹ máa ta." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mo ní lọ́kàn." Ó ní òun kì í ṣe babaláwo. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tí ọwọ́ bá dìídì kàn, òun ni wàá ta. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ tò ó dáadáa ni, kí o ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ọba mi jókòó sáàárín ọjà láti ìgbà náà lọ, ó sì jẹ ìyà rẹ̀. Ìyà náà ná mi ní ẹṣin kan àti ọmọ-ogun méjì.

Àmọ́ ọmọdé náà ọmọdé ni. Ó ń yára. Ó gbé ilé-ìṣọ́ rẹ̀ síbi tí bíṣọ́ọ̀bù mi ti ń wò ó láti òkèèrè, mo gbé e mì. A fi ayaba pa ayaba. A ń jẹ ara wa lọ títí pátákó fi ṣófo bí ọjà ọjọ́ Sunday. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọba nìkan ló kù fún un. Èmi ní ọba, mo tún ní ọmọ-ogun kan tó ń sáré lọ sópin láìsí ẹni tí yóò dá a dúró. Tó bá dé ìlà ìkẹyìn, á di ayaba.

Níbí yìí ni ìmọ̀ mi ti yọ. Mo ti kà nípa Nikolay Noritsyn, ẹni tó wà nínú ìdíje orílẹ̀-èdè Canada ní 2017. Ọmọ-ogun rẹ̀ dé ìlà ìkẹyìn, kò rí ayaba mú, ó dojú ilé-ìṣọ́ dé, ó sì pè é ní ayaba. Adájọ́ ní ilé-ìṣọ́ tó dojú dé, ilé-ìṣọ́ náà ni. Ife-ẹ̀yẹ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi kò ní í kó sí irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀. Mo dá aago dúró, ó bófin mu, mo sì fi ohùn rara bèèrè fún ayaba. Àwọn èèyàn yíjú. Ọmọdébìnrin náà wo àárín àwọn òkú mi tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ayaba dúdú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Dádì, ẹ gbà." Ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọ̀pẹ ayé ló kù tí mi ò mọ̀.

Mo rántí fídíò mi. Ọ̀nà náà dára, kò ṣòro: gbé ayaba sí ibi tí ẹṣin á ti fò dé ọ̀dọ̀ ọba, ìyẹn ilé méjì síwájú àti ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ọba bá yà sí, kí ayaba yà síbẹ̀. Bó o ṣe ń tẹ̀lé e, àgọ́ rẹ̀ á máa kéré sí i, títí wàá fi lé e dé igun. Mo lé e. Àwọn òǹwòran ti tó mẹ́wàá. Mò ń gbé ayaba kalẹ̀ gbàgà, mò ń tẹ aago gbàgà. Ọba rẹ̀ dé ilé tí wọ́n ń pè ní g1, ayaba mi wà ní e2. Ọba sún sí h1, ó wọ igun pátápátá. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án fídíò ní: tó bá rìn, tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé e. Mo gbé ayaba sí f2, mo tẹ aago, mo wo àwọn èèyàn.

Ọmọ náà káwọ́ sáyà. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó sì nawọ́ sí mi. Mo rò pé ó ti gbà pé òun kú. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tìdùnnú-tìdùnnú, mo ní, "O gbìyànjú, ọmọ mi."

Ó ní, "Ọ̀mì ni, Dádì."

Ọ̀mì bí ti báwo? Mo ní ayaba, kò ní nǹkan kan. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Òfin rèé, ẹ bá mi gbọ́ ọ: tó bá kan ẹnì kan láti ta, tí ọba rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìkọlù, tí kò sì ní ilé kankan tó lè gbé ẹsẹ̀ sí, tí kò tún ní ọmọ mìíràn tó lè ta, eré ti parí, kò sẹ́ni tó jẹ. Láti f2, ayaba mi dí g1, ó dí g2, ó dí h2. Ibi tí ọba náà dúró sí gan-an nìkan ni kò kàn. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ olè láìmú olè. Òǹwòran kan tí ẹnikẹ́ni kò bi ní, "Ọ̀ta ti wẹ̀ nínú ọ̀mì!" Gbọ̀ngàn tí a kì í ti í sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo lọ wo ìṣẹ́jú méjì tó kù nínú fídíò náà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Olùkọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo: "Tí ọba bá ti wọ igun, MÁ tẹ̀lé e mọ́. Fi ayaba sílẹ̀ níbi tó wà, kí ọba máa lọ máa bọ̀ láàárín ilé méjì, kí o lọ gbé ọba tìrẹ wá kó wá ràn án lọ́wọ́." Ayaba nìkan kò lè dá ọba pa. Ọba tèmi wà ní òpin pátákó kejì ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń wòran.

Inú bí mi, kì í ṣe sí ọmọ náà. Ó bí mi sí gbogbo àwọn tó ń ta "àṣírí ìbẹ̀rẹ̀ tó ń pa ẹnikẹ́ni ní ìta mẹ́wàá" fún irú wa, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ló ń tà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ó bí mi sí ara mi, nítorí èmi ni mo ń rà á. Olùkọ́ ọmọ náà sọ fún mi pé oṣù àkọ́kọ́, ọba àti ayaba, ọba àti ilé-ìṣọ́, ọba àti ọmọ-ogun ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ kankan. Ó tún ní òun kì í jẹ́ kí wọ́n tètè túúbá, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n ń bá ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo parí pẹ̀lú máàkì kan àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Ààbọ̀ náà, ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Odindi kan, ẹni tó yẹ kó bá mi ta kò padà wá láti ibi oúnjẹ.

Ẹ̀yin tó ń múra ìdíje, ẹ ra pátákó gidi àti aago gidi, kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé. Ẹ ka òfin fífọwọ́kàn. Ẹ sùn, ẹ má jẹ àmàlà. Eré tí wọ́n bá fi nà yín, ẹ fúnra yín tún un ta nílé, kí ẹ wá ibi tó ti bàjẹ́ kí ẹ tó bi kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó kọ́ orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ kankan, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Èmi àti Bọ́lá ọmọ mi ń ta á ní ìgbà mẹ́wàá lálaalẹ́ báyìí, èmi mú ọba àti ayaba, òun mú ọba nìkan. Àná, ó gba ọ̀mì méjì lọ́wọ́ mi.