Ìka Ọwọ́ Olùkọ́ Adelé

Bí ológbò bá re àjò, ilé a di ti èkúté. Bí olùkọ́ bá sì ṣàìsàn, tàbí tó bímọ, tàbí tó lọ sìnkú baba rẹ̀, kíláàsì a di ọjà, àyàfi bí a bá tètè wá adelé tí yóò jókòó sí àyè rẹ̀.

Ní Kalifọ́níà tí mo fi ṣe ibùgbé, tí mo sì ti ń ṣe olùkọ́ adelé, ẹnikẹ́ni tó bá ti gboyè yunifásítì, ìbáà ṣe nínú orin kíkọ tàbí nínú ìmọ̀ kòkòrò, lè gba ìwé àṣẹ olùkọ́ adelé, kó kọ́ ìṣirò lónìí, kó kọ́ ìtàn lọ́la, bí kò bá ṣáà ti lò ju iye ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀ lọ ní àyè olùkọ́ kan láàárín ọdún ẹ̀kọ́. Orí rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìka rẹ̀ ni: mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò tẹ̀, àmì wọn yóò sì lọ sọ́dọ̀ FBI, kí wọ́n lè wò bóyá ó ti hùwà ọ̀daràn rí, wọn yóò sì tún wádìí ìlera rẹ̀, kí ikọ́ ife má baà bá a wọlé.

Nígbà tí mo ro èyí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní ilé rẹ̀ ní GRA, Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu yà á.

"Àbúrò mi, ọ̀daràn ni wọ́n fi yín pè ni? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; níbí, ẹni tó mọ baba rẹ ni yóò dúró fún ọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló mọ baba wa ní Kalifọ́níà?"

Ẹ má rò pé ilé, ní Nàìjíríà, kò lófin o. Láti 1993 ni òfin TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ti ní kí olùkọ́ gbogbo forúkọ sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí kò ní tó ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE gba ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ físíìsì bá fẹ̀yìn tì, tí ìjọba kò rán òmíràn wá, òfin a sùn sórí ẹní, ilé ẹ̀kọ́ a sì dojú kọ àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ní Yíkpàtà jáde nínú kákí, ẹni tó kàwé nípa ẹja sínsìn ní Calabar, tí yóò wá fi odidi ọdún kọ́ ọmọ Ìlọrin ní físíìsì.

Ní tòótọ́, ọmọ ẹlẹ́ja yìí ṣiṣẹ́ jù mí lọ: iṣẹ́ tí olùkọ́ fi sílẹ̀ lórí tábìlì ni èmi ń pín kiri, òun ní tirẹ̀ ń kàwé mọ́jú, nítorí ìdánwò WAEC ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ ni pé kí wọ́n gba olùkọ́ físíìsì gidi, kí ọmọ ẹlẹ́ja lè padà sídìí ẹja rẹ̀.