Òṣómàáló Ìyìn

Ìjẹ̀ṣà ló ni Òṣómàáló, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn du oyè náà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọkùnrin Iléṣà a di aṣọ sẹ́rù, a wọ Èkìtì, a wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, a tà á láwìn fún àgbẹ̀, a sì dá ọjọ́ tí yóò padà wá gbowó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò yọjú, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní jókòó, kò ní dìde, títí ojú yóò fi ti onítọ̀hún níwájú àna àti aládùúgbò. Òwò aṣọ yẹn ti kógbá wọlé. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba gbèsè kò bá a lọ. Ó ti kó wọ inú fóònù, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n lò jù lọ láàárín Òṣogbo àti Iléṣà lónìí kò ta aṣọ rí. Akéwì ni. Ọjà tó ń gbé fúnni láwìn ni ìyìn.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ tíṣà Yorùbá tó ń gbé Ìṣọ́kùn ní Iléṣà, ó sì lè jẹ́ ìyá tó ń ta ìwé àti bírò ní Òṣogbo, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Kó tó fọnu láàárọ̀, ewì rẹ̀ ti wọ gúrúùpù WhatsApp bíi mẹ́rin. Àwòrán rẹ̀ ló máa ń ṣáájú ewì: fìlà tàbí gèlè tó dúró ṣánṣán, ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, ojú tó ń wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni pé ibẹ̀ ni owó oṣù ti ń bọ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò tó o mọ́. Látìgbà tí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ ti di Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́ tí orúkọ náà sì mọ́ ọn lára, gbogbo akéwì ló fẹ́ jẹ́ ẹyẹ. Wọ́n ti pín àwòko, wọ́n ti pín ológe, ẹni mẹ́ta ló ń jà du okín. Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, ẹni tó bá wọ gúrúùpù lọ́dún tó ń bọ̀, adìyẹ ni yóò bá nílẹ̀.

Ewì náà lè tó ọgọ́ta ìlà. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èsì ti ń rọ́ wọlé. 'Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ọ̀gá mi.' 'Wúrà ni yín, sà.' 'Làákàyè yín kò ní jó àjórẹ̀yìn.' Àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, iná tẹ̀ lé e, òdòdó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní aago lè fúnra rẹ̀ ṣírò ó: kò sí ẹ̀dá tó lè ka ọgọ́ta ìlà, kó rò ó, kó sì fi àtàǹpàkò tẹ èsì láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọn kò kà á. Àwọn tó máa ń bú akéwì gúrúùpù a máa bú u nítorí pé ewì rẹ̀ kò dáa, èmi ò sì bá wọn dá sí i, nítorí kò sí akéwì tí kò kọ ewì tí kò dáa rí. Ohun tó jọ mí lójú ni pé kò sí ohun tí ẹ ò ní rí nínú gúrúùpù yẹn: akéwì, ádímìn, igbákejì ádímìn, alága ìgbìmọ̀ ìdíje, ìwé ẹ̀rí tó ní àmì wúrà nísàlẹ̀. Òǹkàwé nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ìdí tí òǹkàwé kò fi sí ni pé gbèsè ni wọ́n ń fi ìyìn san. Mo yìn ọ́ ní Mọ́ńdè, o jẹ mí ní Túsìdeè. Akéwì wa lè má rántí ìlà kan péré nínú ewì ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó rántí orúkọ gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un àti orúkọ ẹni tó rí ewì náà tí kò fọhùn. Fóònù kúkú ń ràn án lọ́wọ́, ó ń fi àmì hàn án pé lágbájá ti ṣí i wò. Ìgbà yẹn ni yóò wá lóṣòó. Yóò tún ewì náà fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé pé ó dà bí ẹni pé nẹ́tíwọ́kì dá a dúró lánàá. Bí ìyẹn kò bá mú owó wá, yóò yà sí kọ̀rọ̀: 'Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ọwọ́ yín lórí iṣẹ́ àbúrò yín o. Ṣé kò sí o?' Ta ni yóò dá a lóhùn pé, 'Ó wà, ewì yẹn ni kò dùn'? Ẹ̀gbọ́n á fi iná mẹ́ta ránṣẹ́, gbèsè á parí, òun náà á sì ti ní ohun tí yóò fi gba tirẹ̀ nígbà tó bá kọ. Àmọ́ Òṣómàáló àtijọ́ ṣì sàn ju èyí lọ níbì kan: aṣọ gidi ló gbé lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, a gbé e sí oòrùn, a sì lè sọ pé rárá. Nínú gúrúùpù, ewì tó dára àti èyí tí kò dára, iye kan náà ni wọ́n ń tà, kò sì sí bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe lè mọ èwo ni èwo. Mo gbà pé àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀bùn. Àwọn gan-an ni ọjà yìí ń yàn jẹ jù.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn, kò sí ẹyẹ kan nínú gúrúùpù tí kò ní kọ ewì fún Yèyé. Ide á wà níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ á wà níbẹ̀, àrugbá á kọjá, omi yóò sì mọ́ gaara bíi dígí. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005 kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kadà á gbé wọn débẹ̀ kí wọ́n tó kọ ẹsẹ kejì. Ẹni tó bá débẹ̀ á rí omi tó pọ́n bí ẹrẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí odò náà ti yí àwọ̀ padà, ohun tí wọ́n sì tọ́ka sí jù ni wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè bíi Ìtagunmódì àti Ìgún, tí wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Lọ́dún 2022, bí ọdún náà ṣe ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ yẹn wọ inú ìròyìn kárí ayé. Kò wọ inú ewì. Akéwì Òṣogbo kọ omi tó mọ́ gaara, akéwì Iléṣà, tí ẹrẹ̀ náà ti ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, sì dá a lóhùn pé, 'Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.' Bí òǹkàwé kan ṣoṣo bá wà láàárín wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi í ni pé odò wo lo ń wí.

Ẹni tó fẹ́ gbèjà wọn yóò rán mi létí pé Yorùbá ló sọ pé yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíì. Yóò tún fi kún un pé ìyìn ni ewì wa látìbẹ̀rẹ̀. Kí ni oríkì, bí kì í bá ṣe ìyìn? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ ká fi sùúrù dáhùn rẹ̀. Òkukù kò jìnnà sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ni Karin Barber, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ onílé, ti kọ́ nípa oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1991, ohun kan tó sì hàn kedere níbẹ̀ ni pé oríkì kì í bo àléébù mọ́lẹ̀. Bí baba ńlá yín bá kúrú, ó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ aláìgbọràn, tàbí tó lẹ́jọ́ lọ́rùn, tàbí tó ṣe ohun tí ìlú kò gbàgbé, obìnrin ilé á kì í mọ́ ọn, orí ọmọ rẹ̀ á sì wú. Ẹni tó ń kini ti wo ẹni tó ń kì dáadáa, ara ìwò yẹn ni adùn rẹ̀ ti ń wá. Ìyìn tí wọ́n ń pín nínú gúrúùpù kò wo ẹnikẹ́ni. Ẹ bọ́ orúkọ kúrò lára rẹ̀, kò sí ewì tí kò bá mu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkú tí ewì arò wọn kò bá mu. Wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ olóògbé ni. Ní ti òwe yẹn, ó ní kí a yin ẹni tó ti ṣe ohun tó dáa. Ẹni tó ń yin ohun tí kò kà, kí ló ń rọni láti tún ṣe?

Àwọn tó ni ìjálá kò fi ìyìn ta ara wọn láwìn. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tó jáde lọ́dún 1966, a rí i pé bí ọ̀kan bá ń sun ìjálá lọ́wọ́, tó bá ṣì í, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní agbo lè dá a dúró níwájú gbogbo èèyàn, kó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n dá dúró ní bó ṣe ń gbèjà ara rẹ̀: ó lè ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, ó sì lè bẹ agbo pé kí wọ́n fi sùúrù gbọ́ òun. Apá kan eré ni. Èrò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sì ń ti ara rẹ̀ kọ́gbọ́n. Àgbà tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n ṣi oríkì ẹfọ̀n sọ, wọn kò ní pè é ní oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n á ní kò mọ ìjálá.

Àwọn tó ń gbèjà gúrúùpù á ní ayé ti yí padà, pé ọ̀rọ̀ líle máa ń pa ẹ̀bùn ọmọdé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ìlú Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé. Lọ́dún 1961, ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn alàgbà ìjọ sì yarí. Mo mọ̀ pé ìlù ni wọ́n kọ̀, kì í ṣe pé wọ́n gbé orin náà yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ ká sọ wọ́n di alámèyítọ́. Síbẹ̀, nígbà tó rí ibi tí ìyìn kò ti sí, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, òun àti òyìnbó Ulli Beier ṣí ilé eré àti iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀, Ọba Mórò sì ni eré tí wọ́n fi ṣí i. Kò fi ìyẹn dúró. Ó lọ bá àwọn onílù bàtá àti àwọn oníṣàngó tí wọ́n mọ ohun tí òun kò mọ̀, ó gbà kí wọ́n kọ́ òun, lọ́dún 1963 eré rẹ̀, Ọba Kòso, jáde, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gbé e dé Berlin. Ká ní gúrúùpù wà lọ́dún 1962, wọn ì bá ti fi iná àti òdòdó bo Ọba Mórò mọ́lẹ̀, kí ni ì bá sì mú un lọ bá oníbàtá?

Àwíjàre tó kù ló le jù, òun náà sì ni wọ́n fẹ́ràn jù: pé àwọn ló ń gba èdè Yorùbá lọ́wọ́ ikú, pé ẹni tó ń fi Yorùbá kọ nǹkan nígbà tí àwọn ọmọ ilé ń dá ìyá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Mo dú u. Ó sàn kí èèyàn jí kó kọ ewì ju kó jí kó máa fi fídíò ìjà ránṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí Ọlánrewájú Adépọ̀jù àti Ọládàpọ̀ ń ṣe ewì sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tí kò gbádùn rẹ̀ kì í rà á, àwo á jókòó sórí pẹpẹ, akéwì á sì lọ tún inú rò. Èdè tí wọ́n ń gbà là nínú gúrúùpù kò tíì pàdé ẹni tó lè ní kò wu òun. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn, nítorí ẹni tí kò ní kàwé kì í bèèrè àmì.

Ká ní lóṣù Kẹjọ tó ń bọ̀, ọmọ Iléṣà kan nínú wọn, tó ti dé Ìtagunmódì rí, bá dá àrà, tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ewì pé: 'Ẹ̀gbọ́n, mo kà á tán. Ibi tí àrugbá ti kọsẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n omi yẹn kò mọ́ mọ́ o, ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni ẹrẹ̀ rẹ̀ ti ń wá.' Gbogbo ẹyẹ á dákẹ́. Igbákejì ádímìn á fi òfin kẹta ránṣẹ́, èyí tó dá lórí ọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹnìkan á máa bẹ̀bẹ̀ pé, 'Ẹ fojú fò ó, sà, ọmọdé ló ń ṣe é.' Tó bá máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti yọ ọ́. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ jù. Kó tó sùn, á ti dá gúrúùpù tirẹ̀ sílẹ̀, á ti fi ara rẹ̀ ṣe ádímìn, á ti mú ẹyẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú, òfin àkọ́kọ́ tí yóò sì kọ síbẹ̀ ni pé kò sí àyè fún ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe iṣẹ́ ádímìn.