Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Sọ́fítíwíà Yìí

Sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí wọ́n tà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì wa, ẹ má dá a lọ́nà nígbà tó bá ń ronú o. Bí mo bá ní kó kó gbogbo ọjà tí a tà lóṣù yìí jọ, ńṣe ló máa dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú rẹ̀ á funfun, á wá kọ ọ́ sókè gàdàgbà: "Not Responding." Alhaja tó dúró gba rìsíìtì á ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí ti kú ni?" Kò kú, mà. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ti wa ni kò gbọ́.

Àbúrò ìyàwó mi tó mọ iṣẹ́ kíkọ sọ́fítíwíà ló là mí lójú, ìbínú mi sì wá le sí i. Ó ní thread kan, bí ọmọ iṣẹ́ kan nínú sọ́fítíwíà, ló ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Bí ẹ tẹ bọ́tìnnì, bí ẹ tẹ lẹ́tà, bí ẹ sún máòsì, gbogbo rẹ̀ á tò sórí ìlà, òun á sì máa dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Òun kan náà làwọn tó kọ sọ́fítíwíà yìí tún rán lọ ṣírò owó oṣù! Kí n rán ọmọ tó wà nídìí kántà lọ ka símẹ́ńtì ní sítọ́ọ̀, kí n tún máa bínú pé kò sẹ́ni tó dá oníbàárà lóhùn? Bí ìṣẹ́jú àáyá 5 bá kọjá tí kò yẹ ìlà rẹ̀ wò, Windows fúnra rẹ̀ á kéde pé kò dáhùn mọ́.

Thread mìíràn ló yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ tó máa pẹ́ fún. Bó bá ṣe é tán, á fi ìròyìn sórí ìlà, thread àkọ́kọ́ á sì gbé èsì sójú. Láti 2005 ni Microsoft ti fi irinṣẹ́ BackgroundWorker sínú .NET tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, nítorí èyí gan-an. Kí ló wá dé?

Bọ́tìnnì "Cancel" ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó wà níbẹ̀, ó pupa, ó ń dán, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti lọ sí sítọ́ọ̀. Ara ń ni èmi náà, mo ti tẹ "Print" léraléra kí ojú rẹ̀ tó funfun. Orí ìlà ni gbogbo rẹ̀ lúgọ sí. Bó ṣe jí báyìí, ó tẹ rìsíìtì Alhaja jáde, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí bébà fi tán. Alhaja ní èló gan-an ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Mo pe àwọn tó tà á. Wọ́n ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà tó lágbára. Èyí tí mo ní ní core 4, bí ọpọlọ mẹ́rin! Ọ̀kan ń làágùn, àwọn yòókù káwọ́ gbera.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ tún dì gbagidi, ìkéde kékeré kan yọ wẹ́rẹ́ nígun ìsàlẹ̀, kò lọ́ra rárá: "Owó ọdún yín ti tó san." Wọ́n rí thread fún ìyẹn.