Oui Ni Mo Ń Sọ Ṣáá

Ní Agbowó, ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀, kó yáa pa á mọ́ra. Èmi ò pa á mọ́ra. Ọdún 2008 ni. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn jókòó ti àmàlà ní Bódìjà, à ń jiyàn lórí ìrìn-àjò tí a fẹ́ rìn. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní Yúróòpù a máa wọ rélùwéè láti Paris dé Brussels, kí wọ́n tún gba ibẹ̀ dé Róòmù. Àwa wo àpò wa, a sì mú Kútọnu, Ouidah, Lómè àti Àjàṣẹ́. Ẹnì kan bá béèrè pé ta ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Mo gbé òkèlè mì, mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Gbogbo Faransé tí mo mọ̀ kò ju kọ́ọ̀sì kan tí mo fi ọgbọ́n yege lọ, àti ìwé àlòkù kan tí mo rà lẹ́bàá títì ní Dùgbẹ̀, níbi tí Cocoa House ti ń wo gbogbo wa láti òkè. Ìwé náà dára, àmọ́ ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Faransé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tó ń lọ sí Lyon, mo sì lè ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́. Kò sí rélùwéè Lyon ní Kútọnu. Nítorí náà, ibi tí ìwé náà bá ti já mi sílẹ̀, "Oui", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni", ni mò ń sọ. Wọ́n fi mí ṣe ògbufọ̀, wọ́n tún fi mí ṣe akápò, wọ́n ní ẹni tó gbédè ló yẹ kó máa náwó.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ò tilẹ̀ dúró de Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní yẹ́lò káàdì lọ́wọ́, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Mo gba ti gbogbo wa jọ, mo ní mo fẹ́ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì wọn ní Agbowó. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, èrò kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́, oníkálukú ń na ìwé ẹ̀ síwájú. Mo gba fọ́tòkọ́pì mi, mo jà fún ṣéńjì mi, mo sì fi ojúlówó káàdì sílẹ̀ lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Sẹ̀mẹ̀ la dé kí n tó mọ̀. Mo ti fi pín-ìn-nì gán àwọn fọ́tòkọ́pì náà pọ̀ dáadáa, mo na wọ́n sí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń gba oyè. Ó wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Àwọn ọmọ rèé. Ìyá wọn ńkọ́?"

A pe onífọ́tòkọ́pì. Ọlọ́run bá mi ṣe é, obìnrin náà ti kó wọn sínú ọ̀rá, ó fi bíríkì tẹ̀ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ gbé e lọ sí gáréèjì Challenge, ó fi í wébìlì sí awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó, ẹlòmíràn sì gbà á ní Mile 2. Àwa náà jókòó sórí ẹrù wa láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ọ̀gá wa, olùkọ́ tó bá wa lọ, ṣí ìwé, ó ń kà á, kò sọ nǹkan kan. Kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ wa, ọmọkùnrin Ẹ̀gùn kan láti Àgbádárìgì, sún mọ́ mi wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá wọn sọ ọ́." Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó jẹ́ kí àwa tí a kàwé sọ̀rọ̀.

Àtiṣẹ́ owó ló wá ba orí mi jẹ́. Nígbà yẹn náírà kan ń gba sẹ́fà mẹ́ta ó lé. (Lónìí, sẹ́fà kan ń gba ju náírà méjì lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Mo kó náírà fún oníṣẹ́ńjì, ó kó ìdì owó lé mi lọ́wọ́, ó bi mí ní nǹkan, mo ní "Oui." Àpò mi wú. Ìrìn mi yí padà.

Ní ọjà Dantokpa, létí ọ̀sà Kútọnu, mo rí àǹkárá kan tí mo fẹ́ rà fún ìyá mi. Ìyá arúgbó kan ló ń tà á, ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó fa ojú ro. Ó pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà. Mo ṣíjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi Yorùbá là á kalẹ̀ fún un, lóhùn rara: "Ìyá yìí ti rí i pé àjèjì ni wá. Wo ojú ẹ̀ bí ẹni tó jẹ ata. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni màá san, àmọ́ ẹgbẹ̀rún kan ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá kọ̀, a ó ṣe bí ẹni ń lọ. Á pè wá padà." Mo wá kọjú sí ìyá, mo na ìka kan, mo ní, "Mille." Ó mi orí. Mo tú u sọ bó ṣe wà nínú ìwé Dùgbẹ̀, mo rò pé mo ní ó ti wọ́n jù. Bí mo bá rántí dáadáa, rélùwéè tún yọjú níbẹ̀. Ìyá wò mí ṣùn-ùn, kò fèsì. Mo fa ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, a ṣe bí ẹni ń lọ.

Ìyá ń ká aṣọ ẹ̀, kò gbójú sókè. "Ọmọ mi, má lọ jù o. Sáà mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó o sọ yẹn wá. Ojú mi tó o wí, kì í ṣe ata. Oorun ni."

Mo ní, "Oui."

Lẹ́yìn náà ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọjà, báàgì lọ́rùn. Ọmọ Ṣákẹ́tẹ́ ni ìyá. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó fi Ṣákẹ́tẹ́, Pọ̀bẹ́, Kétu àti Ṣábẹ sí apá ọ̀hún. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì gidi lórí ẹ̀. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé àwọn èèyàn inú ìdánwò náà máa ń ta aṣọ.

Ouidah la kàn. Ilé òjòlá wà níbẹ̀, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì gan-an. Ọkùnrin kan bi mí ní nǹkan níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo ní "Oui." Ó tún bi mí, mo ní "Oui, merci." Kí n tó ṣẹ́jú, òjòlá ti wà lọ́rùn mi. Kì í ṣe ẹranko oníwàdùwàdù. Ó tutù, ó wúwo, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá ọ̀nà wọ inú kọ́là mi. Mo ti kà á pé wọn ò ní oró, pé bí wọ́n bá jáde lóru lọ wá oúnjẹ, àwọn ará àdúgbò á gbé wọn padà wálé. Ìwé tí mo kà kọ́ ló wà lọ́rùn mi.

Nínú àpò mi ni ọ̀rá owó wẹ́wẹ́ ẹgbẹ́ wà. Ẹ rántí pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ kó àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì onírin jáde. Bí o bá kó o fún ìyá aláta ní Bódìjà, á bi ọ́ bóyá ò ń bá òun ṣeré ni. Ohunkóhun tó bá ti dún lápò mi, n kì í kà á sówó. Mo na ọ̀rá náà sí ọkùnrin yìí: "Gbé e kúrò! Gba gbogbo ẹ̀!" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ó sì yé e kíákíá. Ìgbà tó lọ tán ni ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mo mọ̀ pé owó ẹyọ 500 sẹ́fà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ gbogbo wa ni mo fi ra ọrùn mi padà. Gàrí tí ìyá ẹnì kan dì fún un láti Ríìn Róòdù la mu lálẹ́ ọjọ́ náà, omi pọ̀ ju gàrí lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ́ kí n má bàa gbàgbé: ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà, èyí tí wọ́n kọ́ setí òkun ní 1995, n ò ṣe wèrè kankan. A fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà, bíi kìlómítà mẹ́rin, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan.

Lómè ni aago ti dé. Wákàtí kan ni Tógò fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, n kò sì mọ̀. A ní aago mẹ́fà la ó gbéra, mo bá lọ ń gbá ilẹ̀kùn gbogbo wọn ní aago márùn-ún tèmi. Aago mẹ́rin ni lójú wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi kò ṣe é kọ síbí. Mo fi ìtìjú dá aago ọwọ́ mi sẹ́yìn. Nígbà tí a wá padà sí Kútọnu, mo gbàgbé láti dá a síwájú. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé aago méjìlá ọ̀sán ni ọkọ̀ á ṣí, ẹni tó bá pẹ́ kó bá wọn ní mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ní Àjàṣẹ́. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ń jẹ búrẹ́dì, mo ń ṣe fàájì. Ọkọ̀ ti lọ.

Mo dá ọlọ́kadà kan dúró, àwọn tí wọ́n ń pè ní zemidjan, tí wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo ní ohun tí mo máa ń ní. Ìgbà tí mo máa lajú, etí omi ni mo wà, ní Abomey-Calavi, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń pè mí pé kí n wá wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi. Ó ti rò pé àlejò tó wá wòran ni mí. Àjàṣẹ́ wà lódìkejì pátápátá.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí n tó dé Àjàṣẹ́. Mo wá mọ́ṣáláṣí kiri. Mo kọjá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn, mo yí ká, mo tún kọjá ẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, mo fi Yorùbá bi bàbá kan tó ń ka tẹ̀sùbáà léèrè. Bàbá na ọ̀pá ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ló kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé Ọlọ́run ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ni. Ẹgbẹ́ mi jókòó sábẹ́ òjìji ògiri ẹ̀, wọ́n ti ń wò mí láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọjá. Kọ̀ǹdọ́ ló ń bá gbogbo àdúgbò sọ Ẹ̀gùn, ó ti bá wọn wá ìrẹsì ẹlẹ́ja, ó sì ti gba ẹ̀dínwó. Kò wí nǹkan kan fún mi. Ó kàn sún àwo tèmi síwájú.

Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ní kí akápò kọ ìnáwó ẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó sí Agbowó, mo fi èdè Faransé kọ ọ́ látòkè délẹ̀, mo ní kò sí ẹni tó máa lè kà á, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá wa kó buwọ́ lù ú. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó wá bírò pupa. Dakar ni bàbá yìí ti kàwé fún ọdún púpọ̀. Kò sí ẹni tó bi í, òun náà ò sì sọ. Ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe mi ṣe, ó fún mi ní máàkì 37 nínú 100, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ ibi tí mo kọ "ìnáwó mìíràn" sí. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ní Faransé tó dán: ṣé owó òjòlá nìyí?

Mo san án díẹ̀díẹ̀ títí sáà kejì fi parí. Akápò tuntun tí wọ́n fi rọ́pò mi kì í gba onírin lọ́wọ́ mi.