Ẹ Má Kọ́ Ilé Rìbìtì fún Wa ní Ìlàjẹ

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì ló fẹ́ pa mí. Láti ọjọ́ tó ti wọ inú Dóòmù ní Àkúrẹ́, ìyẹn gbọ̀ngàn àṣà àti ayẹyẹ tí ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò kọ́, ni orí rẹ̀ ti dàrú. Gbọ̀ngàn náà rí bí igbá ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, n kò sì bá Àkúrẹ́ jà. Wọ́n ní ilẹ̀. Àmọ́ ọmọ yìí kò lè rí ilé onígun mẹ́rin mọ́ kó má yínmú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́ rìbìtì sórí ilẹ̀ yín."

Ilẹ̀ wo? Orí òpó igi nínú ẹrẹ̀ ni ilé mi dúró sí. Bí omi bá kún, a ó gbé àpótí sórí tábìlì. Bó bá tún kún sí i, a ó gbé tábìlì sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo fi àwòrán rẹ̀ han káfíńtà wa. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, igun dà tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀?" Ìyàwó mi béèrè ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù máa fẹ̀yìn tì. Páànù sì rèé, gbọọrọ ló máa ń wá láti ọjà Ìgbókòdá. Kó tó tẹ̀ róbótó, àfi ká gé e wẹ́wẹ́, gbogbo ojú ibi tí a bá ti so ó pọ̀ ni yóò sì máa jò.

Ọmọ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Buckminster Fuller ará Amẹ́ríkà ti yanjú ìyẹn: irin onígun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n ń so mọ́ra títí yóò fi di rìbìtì. Mo gbọ́. Èyí tí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe sí Montreal ní Kánádà fún ìpàtẹ àgbáyé 1967, iná jó awọ ara rẹ̀ ní 1976, ó ku egungun. Ìyàwó mi sì ń yan ẹja nínú ilé lójoojúmọ́.

Ló bá gbé Pantheon ìlú Róòmù jáde. Òótọ́ ni, ó ti lé ní 1,800 ọdún tó ti wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 43, kò sì sí irin nínú kọnkéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ihò sí àtàrí rẹ̀, òjò sì ń gbabẹ̀ wọlé. Omi tó ń ti ìsàlẹ̀ wọlé wá bá wa ti tó wa o.

Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni pé kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdí ilé. Òrùlé rìbìtì kì í kàn jókòó jẹ́ẹ́; ìwúwo rẹ̀ máa ń ti ìdí rẹ̀ síta ni. Ìdí nìyẹn tí ògiri Pantheon fi nípọn tó mítà 6, tí àwọn ti òde òní sì ń fi òrùka irin tàbí ti kọnkéré dì í nídìí. Àwọn ẹlẹ́ńjìnníà lè gbá òpó irin wọ inú ẹrẹ̀ wa títí yóò fi kanlẹ̀, mi ò jiyàn. Owó ta ni? Ilé rìbìtì tí wọ́n ṣí ní Las Vegas ní Amẹ́ríkà ní 2023, tó fẹ̀ tó mítà 157, ó gbà ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Inú aṣálẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ ọ sí!

Ẹ wo ìlú Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ wa níbí, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé òpópónà, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ilé rẹ̀ ní igun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí owó ìlú wà lọ́wọ́ yín, bí kíkọ́ bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ wá kọ́ ògiri tí yóò dá òkun dúró fún wa. Kó gùn, kó le, kó má wó. Ẹ jọ̀ọ́, kó má rí rìbìtì.