Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Inositol

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yìí rò. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Òkè Gàdà. Búrẹ́dì ni mo fi fẹ́yàwó, òun ni mo fi sọmọ lórúkọ, òun náà ni mo fi ń san owó ilé ìwé. Àmọ́ lónìí, búrẹ́dì ti di èèwọ̀ nínú ilé mi. Bí mo bá gbé ọ̀kan wọlé, ìta ni Ìyá Ràfíà ní kí n ti jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀dọ̀ dókítà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ràfíà ti wọ ilé ìwé, àbúrò rẹ̀ kò yọjú. Nǹkan oṣù ìyá rẹ̀ ń wá nígbà tó bá wù ú, irun sì ń hù lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ayé ló dì í. Ayé wo? PCOS ni dókítà pè é, àìsàn tí Stein àti Leventhal ti kọ̀wé lé lórí ní Chicago láti 1935. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó tó ẹnìkan tó ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ ti ínsúlínì, èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ara á wá máa pèsè ínsúlínì sí i, àpọ̀jù rẹ̀ á sì máa ti ilé ẹyin láti ṣe họ́mọ̀nù ọkùnrin ju bó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni irun àgbọ̀n ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ẹyin ti ń kọ̀ tí kò jáde lásìkò.

Inositol, ìyẹ̀fun tí Ìyá Ràfíà ń lò sí àìsàn yìí, dà níbẹ̀? Bí ínsúlínì bá kan ilẹ̀kùn, inositol ni ọmọdé tó ń sáré lọ jíṣẹ́ fún àwọn tó wà ní yàrá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kíndìnrín èèyàn méjèèjì ń ṣe nǹkan yìí fúnra wọn láti inú ṣúgà, bíi gíráàmù 4 lóòjọ́! Ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ọsàn. Scherer ará Jámánì ti rí i nínú ẹran láti 1850. Nǹkan tí kíndìnrín mi ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, owó ike kan rẹ̀ ń lọ sí ìdajì àpò fúláwà, ọwọ́ ẹni tí mi ò rí rí l'Ékòó ni mo sì ti ń rà á.

Nínú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí nígbà tó kọ́kọ́ dé. Awakọ̀ tó gbé e wá wo ìyẹ̀fun funfun, ó wo ojú mi. "Bọ̀dá, ṣé búrẹ́dì náà lẹ ṣì ń tà ṣá?" Kò kúkú jẹ̀bi. Ìyẹ̀fun yìí gan-an ni àwọn òṣèré òyìnbó ń fín símú nínú fíìmù bí wọ́n bá fẹ́ ṣe bí ẹni ń fa kokéènì. Ó tún wá dùn! Adùn rẹ̀ tó ìdajì ti ṣúgà. Ràfíà ti ń fi mu gaàrí níkọ̀kọ̀. Èmi tí mo sanwó, gaàrí tèmi kò gbọdọ̀ rí ṣúgà.

Ẹni tó ń tà á ní ó ń wo àìrọ́mọbí, ìtọ̀ ṣúgà, orí pípá àti àìróorunsùn. Ó ní myo-inositol 40 sí D-chiro-inositol 1 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, bó bá yẹ̀ báyìí, ó ti bàjẹ́. Mo gbé e lọ bá dókítà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlànà àgbáyé lórí PCOS tó jáde ní 2023, tí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ṣáájú rẹ̀, gbà kí èèyàn dán an wò nítorí pé ewu rẹ̀ kéré, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó tó láti sọ irú èyí tó yẹ ní lílò tàbí iye rẹ̀. Oògùn metformin ni wọ́n gbé ṣáájú rẹ̀ fún irun àgbọ̀n àti ọ̀rá ikùn, bó tilẹ̀ máa ń da inú rú. Ẹni tó bá ń wá ọmọ, letrozole ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un kí ẹyin lè jáde. Dókítà kò pariwo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ariwo ẹni èkejì ni mò ń san gbèsè rẹ̀.

Àmọ́ ta ló tó sọ fún Ìyá Ràfíà pé kó jáwọ́? Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Tìmì láàárọ̀, ó ti pa búrẹ́dì tì, ó ti dín ìrẹsì kù, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti ń wá déédéé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ìrìn ni, àbí oúnjẹ, àbí ìyẹ̀fun? Ẹni Èkó ti gba gbogbo ọpẹ́ fún ìyẹ̀fun rẹ̀, ó sì ti fi owó kún un.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yé bi ìyàwó mi léèrè ìgbà tí ọmọ kejì ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè dákẹ́ nínú yín, kó mú owó ike kan dání wá.