Wá Gbà Á Lọ́jọ́ Ẹtì

(Bàbá Tíṣà àti Ìyá Télọ̀ pàdé, ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ ní Ìlaròó.)

BÀBÁ TÍṢÀ: Ìyá Télọ̀, o kú iṣẹ́ o. Bùbá mi dà? Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá lo ní kí n wá gbà á.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó, sà. Mo ti gé e.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ṣé gígé ni mo fẹ́ wọ̀ lọ ìdúpẹ́?

ÌYÁ TÉLỌ̀: Ẹ má bínú, sà. Láti Ọjọ́rú la ò ti rí iná. Léèsì tí mo fẹ́ fi sí ọrùn ẹ̀ náà, ẹni tó ń bá mi rà á ní Kútọnu ṣì wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò.

BÀBÁ TÍṢÀ: Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa lóṣù kẹjọ 2019, tí wọn ò ṣí Ìdí-Ìrókò títí di oṣù kẹrin 2022, mo bá ọ kẹ́dùn. Ta ló mọ̀ pé irú ẹ̀ ń bọ̀? Àmọ́ iná? Ìgbà wo ni iná ò lọ rí? Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká yéé pè é ní àjálù, ká kúkú kà á mọ́ iṣẹ́.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Bàbá ti tún gbé ṣọ́ọ̀kì o!

BÀBÁ TÍṢÀ: Dá mi lóhùn. Bùbá kan, wákàtí mélòó ló ń gbà ọ́?

ÌYÁ TÉLỌ̀: Bùbá lásán? Wákàtí méjì ti pọ̀jù.

BÀBÁ TÍṢÀ: Èyí tó o rán kẹ́yìn ńkọ́? Èyí tó o rán gan-an ni mò ń bi ọ́ o.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Ìyẹn... ọjọ́ mẹ́ta ni, sà. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ló dé.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ẹnì kan á ṣáà máa dé ni. Lọ́dún 1979, ọdún tí wọ́n dá Pólì Ìlaròó sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ̀wé nípa àìsàn yín yìí. Wọ́n ní téèyàn bá ń dá ọjọ́ fún iṣẹ́, bí iṣẹ́ náà ì bá ṣe lọ geere ló máa ń rò. Kì í bojú wẹ̀yìn wo bí irú ẹ̀ ṣe pẹ́ tó nígbà tó ṣe é kẹ́yìn.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Ṣé ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wọ́n ti rí ìyẹn?

BÀBÁ TÍṢÀ: Kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Lọ́dún 1994, Roger Buehler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi parí ìwé àṣekágbá wọn. Wọ́n ní bí ọjọ́ 34. Ó gbà wọ́n tó 55.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Àwọn oníbàárà mi tó wà ní Pólì á ní 55 kéré.

BÀBÁ TÍṢÀ: Kódà ìjọba ń ṣe é. Gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà ní Sydney, ní Ọsirélíà, 1963 ni wọ́n ní yóò parí, ọdún tí Comprehensive High School Ayétòrò bẹ̀rẹ̀. 1973 ni wọ́n ṣí i. Mílíọ̀nù 7 dọ́là tí wọ́n fojú bù, 102 ló dà.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Oníbàárà wọn mà ní sùúrù o! Wọ́n fi ọdún mẹ́wàá lé e, bùbá kan ṣoṣo lẹ wá ń tìtorí ẹ̀ bá mi jà.

BÀBÁ TÍṢÀ: Má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé o ò ní parí ẹ̀, kí ló dé tó o fi ń dá ọjọ́ Ẹtì?

ÌYÁ TÉLỌ̀: Sà, ojú oníbàárà ni mò ń wò. Tí mo bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ká aṣọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ iwájú, ẹni tó máa sọ pé ọjọ́ Ẹtì. Tọ̀hún náà ò ní parí ẹ̀ o, àmọ́ ó ti gbowó àsansílẹ̀. Ẹni tó sọ òótọ́ ló pàdánù iṣẹ́.

BÀBÁ TÍṢÀ: Hẹn-ẹn. Mo gbà, àwọn ọ̀mọ̀wé mi ò débi yẹn. Ṣùgbọ́n èmi tó wá lẹ́ẹ̀mejì yìí, ṣé mo máa wá lẹ́ẹ̀kẹta? Gbé ìwé tó ò ń kọ àsansílẹ̀ sí wá. Ọjọ́ tí aṣọ wọlé wà níbẹ̀. Kọ ọjọ́ tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

ÌYÁ TÉLỌ̀: (ó ń ṣí ìwé) Bùbá yìí, ọjọ́ mẹ́jọ. Èyí, mẹ́fà. Háà, ti ìyàwó pásítọ̀... ẹ jẹ́ ká fò ó.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ibẹ̀ ni kó o ti máa mú ọjọ́ tó o bá máa dá. Kó o sì pa fóònù tó ń dá iṣẹ́ rẹ dúró yẹn láàárọ̀ títí oòrùn á fi kàn. Ẹni tó ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ lórí WhatsApp ò ní kú tó bá dúró di ọ̀sán.

ÌYÁ TÉLỌ̀: Ti fóònù yẹn le, sà. Ẹ̀yin gan-an lẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lánàá.

BÀBÁ TÍṢÀ: Bùbá mi ni mò ń wá!

ÌYÁ TÉLỌ̀: Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu mi. Ẹ wá bá mi sọ fún àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wa: ẹni tó bá fẹ́ aṣọ Iléyá, kó gbé e wá nígbà tó bá ṣì ku oṣù kan gbáko, kó sì gba ọjọ́ tí mo bá dá fún un.